Ìrù Ẹran Tí Mo Fi Pẹ́ńsù Kọ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sí ẹ̀yìn mi. N kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn mi tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gbẹ́ni onífìlà aláwọ̀ ewé, ìwọ tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ibi tí o wà náà dára, jókòó síbẹ̀. Òjò ti dá, oòrùn ṣì wà lókè, a ó sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú, torí n kì í sọ ọ́ lóru.

Orúkọ mi ni Ọdẹ́jìnmí, ará Ìgbóòrùn. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni èmi náà. Àwọn ọdẹ yòókù tí ẹ ti gbọ́ ìtàn wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ẹkùn ṣe rí wọn tó sì yà fún wọn lọ́nà. Èmi ò ní irú ìyẹn. Ẹkùn kan rí mi rí, èmi ni mo yà. Láti kékeré ni mo ti ń ṣọdẹ, n kò sì tíì wọ igbó lọ́jọ́ kan kí ẹ̀rù má bà mí. Bí ewé bá já, mo ti gbọ́. Bí ẹyẹ bá dákẹ́, mo ti mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí ẹ rí mi níwájú yín lónìí nìyẹn, ẹ bá mi dúpẹ́.

Mo kàwé dé ìwé kẹrin kí wọ́n tó ní kí n wá máa bá bàbá mi ru ẹran. Ìwé kẹrin yẹn ló kó bá mi.

Ní ìgbà òjò kan tí ẹran wọ́n, mo jókòó sílé, mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ìtàn kékeré kan. Àròsọ ni, orí ara mi ni mo fi rò ó. Ọdẹ kan dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹran kan ń bọ̀, ó tóbi ju ẹfọ̀n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dún. Ilé kékeré kan wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ilé alámọ̀ tó ní fèrèsé kan. Àtùpà ń jó nínú ilé náà ní ọ̀sán gangan. Ọdẹ náà gbé ìbọn, kò yìn ín, ẹran náà kọjá. Ó parí. Agbélérìn ni mo pe ẹran náà.

Tíṣà Láníyọnu, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa, rí i lọ́wọ́ mi. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún un kà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun ló fi ránṣẹ́ sí ìwé ìtàn olóṣooṣù kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́ Àràbà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni wàhálà.

Obìnrin kan wà tó ń kọ̀wé sínú Abẹ́ Àràbà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa ka ìtàn, kí ó sì sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Arábìnrin Morẹ́nikéjì Ajíṣebútú lorúkọ rẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé ti ìtàn mi, ó kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Inú Tíṣà dùn débi pé ó gbé ìwé náà wá sí ìpàdé ọdẹ, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà níwájú ilé Olúọdẹ, ó sì kà á sókè. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Ohun tí obìnrin náà kọ nìyí:

“Ìtàn náà kò gùn. Ẹran kan kọjá, ilé wà lẹ́yìn rẹ̀, àtùpà ń jó nínú ilé náà. Ẹni tó kọ ọ́ kò sọ ẹni tó tan àtùpà náà fún wa, mo sì rò pé òun alára kò mọ̀. Ẹ̀rù ń ba ọwọ́ tó kọ ọ́. Mo ti ka ìtàn àwọn ọdẹ tí àyà wọn kì í já, n kò gba ọ̀kan gbọ́ nínú wọn. Mo gba èyí gbọ́. Nígbà tí mo kà á tán, mo wo ilẹ̀, mo rí i pé mo ti sún àga mi kúrò lójú ọ̀nà.”

Akínlabí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọdẹ ni òun náà, òun ni wọ́n ń ní kó wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ, torí ó pa ìnàkí kan rí tó ní ó ń kọrin.

Ó ní, “Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ará. Obìnrin sún àga fún ẹran pẹ́ńsù. Ọdẹ́jìnmí, wọ́n ti gbọ́ dé ìlú ńlá pé ojo ni ọ́.”

“Ìyìn ni, ẹ̀gbọ́n,” ni Tíṣà wí.

“Mo mọ̀ pé ìyìn ni. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Bàbá Olúọdẹ, ṣé kì í ṣe ìyìn ni wọ́n kà sí wa létí yìí?”

Olúọdẹ wa ni Ògúnṣakin, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, “Ìyìn ni.”

“Lójú gbogbo ọdẹ?”

“Lójú gbogbo wa.”

“Ìrù dà?”

Ẹ̀yin àlejò lè má mọ̀ ọ́n. Ní Ìgbóòrùn, tí wọ́n bá yin ọdẹ nítorí ẹran kan lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó ní láti gbé ìrù ẹran náà lé Olúọdẹ lọ́wọ́ kí ọdún Ògún tó pé. Bí kò bá rí i gbé wá, wọ́n á gba ìbọn rẹ̀, wọ́n á gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó fi rọ ọkọ́. Mo ti rí i rí. Wọ́n fi ìbọn ọkùnrin kan rọ ọkọ́, ọkọ́ náà ló sì fi ń roko títí ó fi kú. Ìbọn ṣakabùlà tí mo ń gbé, bàbá mi ló ni ín kó tó di tèmi.

Tíṣà ní, “Bàbá, àròsọ ni. Kò sí ẹran kankan.”

“Tíṣà, ọmọ mi, òfin ò béèrè ibi tí ẹran ti wá. Ìrù ló ń béèrè.” Olúọdẹ wá kọjú sí mi. Kò fẹ́ ibi fún mi, mo rí i lójú rẹ̀. “Ọdẹ́jìnmí, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Sọ níwájú wa pé irọ́ ni ẹran náà. Tíṣà á fa ojú ìwé yẹn ya, ìyìn á bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ, a ó sì máa mu ẹmu wa lọ.”

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yin ẹ̀rù mi rí. Bàbá mi gbá mi létí nítorí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, obìnrin tí n kò mọ̀ rí wá ní torí ẹ̀rù náà ni òun ṣe gbà mí gbọ́. Mo pa ẹnu dé. Akínlabí ní, “Ó dáa, máa lọ wá ìrù.”

Nígbà tí mo délé, Ìbíwùmí ìyàwó mi ti gbọ́. Ó ní, “Ṣé o wá sọ fún wọn pé ẹran pẹ́ńsù náà wà?”

“N kò sọ pé ó wà. N kò kàn lè sọ pé kò sí ni.”

“Ohun kan náà ni.” Ó di àádùn fún mi sínú ewé, ó fi sí àpò mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún pè mí. “Bàbá Dúró, bí o bá rí i, bá mi yọjú wo fèrèsé yẹn dáadáa. Ọkàn mi ò kúrò lára àtùpà náà.”

Báyìí ni mo ṣe wọ Igbó Àìdáhùn, igbó tí ẹ̀dá ń pariwo sí tí ohùn rẹ̀ kì í padà wá bá a. Ọdẹ gidi á sọ fún yín pé òun wọ̀ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Èmi, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi wọ̀ ọ́, ojú kan níwájú, ojú kan lẹ́yìn.

N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi bá ẹnì kan tó sùn dábùú ọ̀nà. Ènìyàn ni láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn. Etí rẹ̀ ni kì í ṣe ti ènìyàn. Ó gùn, ó wó lulẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí koríko, ìjàlọ sì ń rìn kọjá lórí rẹ̀. Kò dìde. Ó ní, “Ọdẹ, kí lo pa?”

Mo ní, “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi béèrè, Bàbá?”

“Ẹ̀yin ọdẹ ló fún mi ní etí yìí. Ọ̀kan ní òun fi ẹ̀ṣẹ́ lásán pa erin, mo gbọ́ ọ, etí mi gùn. Òmíràn ní òun gun ẹkùn lọ sílé àna, etí mi tún gùn. Ẹnì kan wá láti ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí, ó ní òun pa ìnàkí tó ń kọrin. Ọjọ́ yẹn ni etí mi kanlẹ̀. N kò lè dìde mọ́ láti ìgbà náà. Sọ tìrẹ kí n gbọ́. Bó bá tún gùn sí i, mo pa ọ́.”

Mo ní, “Ṣé Akínlabí ni?”

“N kì í béèrè orúkọ. Kí lo pa?”

Mo ro ohun tí mo lè sọ. Mo ní, “N kò tíì pa ohun tí mo ń wá. N kò mọ̀ bóyá ó wà. Bí mo bá rí i, ó ṣeé ṣe kí n sá. Ẹ̀yin gan-an ń bà mí lẹ́rù báyìí.”

Mo rí etí òsì tó mì. Ó gbéra nílẹ̀, ìjàlọ já bọ́ lára rẹ̀, ó ká díẹ̀díẹ̀ bí ewé àgbọn tí oòrùn ń pa, títí ó fi kan èjìká. Etí ọ̀tún tẹ̀ lé e. Bàbá náà fọwọ́ kàn án, ó rọra dìde jókòó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Kọjá. Kọjá kíá, kí o tó rántí nǹkan tí o lè fi fọ́nnu.” Mo kọjá. Ẹ ò rí i, nǹkan tí mo lè fi fọ́nnu nìyẹn, mo sì ń fi fọ́nnu fún yín.

Ìlú kan wà lẹ́yìn ibẹ̀. Kí n tó rí ilé wọn ni mo ti rí iṣẹ́ wọn. Wọ́n fín odi ìlú náà láti òkè délẹ̀, ẹja ń tẹ̀ lé ẹja, ọ̀kan ò jọ èkejì. Ẹní tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà dára débi pé mo bọ́ bàtà mi. Àwọn ará ìlú náà ni wọ́n bà mí lẹ́rù. Mo ń rí igi tó wà lẹ́yìn wọn láti àyà wọn. Wọ́n fúyẹ́ bí èéfín, ẹsẹ̀ wọn kò tẹ iyanrìn wọlẹ̀. Wọ́n ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan rí nípa rẹ̀, torí kálukú ń tẹjú mọ́ tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n yí mi ká. “Àlejò, wo tèmi. Àlejò, tèmi ńkọ́?” Mo fẹ́ sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára, kí n lè rí ọ̀nà bá lọ. Ojú mi ló yọ mí. Mo wòkè bí mo ṣe máa ń ṣe, mo rí àwọn ènìyàn tó há sórí igi. Wọ́n wú bí ẹran tó kú sódò, wọ́n léfòó láàrin ẹ̀ka, ẹ̀rín sì wà lójú wọn.

Mo ní, “Kí ló ṣe àwọn yẹn?”

Obìnrin amọ̀kòkò kan ló dá mi lóhùn. “Àlejò kan wá ṣáájú rẹ. Kò wo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń rìn lọ, ó ń wí pé ó dára, ó dára, kò sí irú rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń wú. Atẹ́gùn ló gbé wọn dé ibẹ̀, wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́.” Ó gbé ìkòkò kan síwájú mi. “Ìwọ náà wo èyí. Bí o bá dákẹ́, mo tán. Bí o bá sì tàn mí, o rí ibi tí mò ń lọ.”

Mo jókòó sílẹ̀. Mo yí ìkòkò náà títí ó fi sú àwọn tó ń wò wá, mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Òógùn bò mí, torí ẹ̀mí ẹlòmíràn wà lẹ́nu mi. Mo wá ní, “Màmá, ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀ lápá ibí. Ṣùgbọ́n ojú àtàǹpàkò yín wà nínú ọrùn rẹ̀, ẹ ò pa á rẹ́. Nígbà tí ọwọ́ mi bọ́ síbẹ̀, òǹgbẹ gbẹ mí. Òǹgbẹ náà ṣì wà lọ́fun mi báyìí.”

N kò rí igi ẹ̀yìn obìnrin náà mọ́, àyà rẹ̀ ni mò ń rí. Ó gbẹ́sẹ̀, iyanrìn gba ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú, ìka márààrún hàn. Ó wo ojú ẹsẹ̀ náà lọ títí. Mo wá mọ ohun tí Arábìnrin Ajíṣebútú ṣe sí mi. Ó ki ọwọ́ bọ inú ìtàn mi, ó rí ojú àtàǹpàkò níbẹ̀.

Amọ̀kòkò náà bu omi fún mi mu nínú ìkòkò yẹn. Ó ní, “Agbélérìn lò ń wá. Ẹ̀yìn ìlú wa ló ń gbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló ń gbé e rìn o. Mọ ohun tó ń gbé e rìn kí o tó yọ ọ̀bẹ.”

“Kí ló ń gbé e rìn, Màmá?”

“Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé màá máa mọ̀kòkò?”

Mo lúgọ sínú koríko lẹ́yìn ìlú náà. Ní ọ̀sán gangan, ẹyẹ dákẹ́. Kòkòrò dákẹ́. Mo gbọ́ àyà ara mi. Ó yọ láàrin igi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Bí mo ṣe kọ ọ́ ló rí, ó sì ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ. N kò kọ ọ́ pé ewé á máa dojú kọ ọ́ bó ṣe ń kọjá. N kò kọ ojú rẹ̀, ìyẹn ojú ẹran tó ti rin ìrìn jíjìn tí kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ilé náà wà lẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ rẹ̀ ti sán níbì kan, ẹnì kan sì ti fi amọ̀ tútù dí ibẹ̀. N kò kọ ìyẹn. Iná àtùpà náà pọ́n nínú fèrèsé, oòrùn kò sì borí rẹ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi, ìbọn bàbá mi, n kò rántí rẹ̀. Èmi ni mo kúnlẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí mi ni mo rántí alágbẹ̀dẹ àti ọkọ́. Mo sáré, mo gbá ìrù náà mú, mo yọ ọ̀bẹ. Ó rọ̀, ó lọ́ bí òwú. Mo fojú tọ̀ ọ́ lọ kí n lè mọ ibi tí màá gé. Kò dúró níbi tí ìrù ẹran máa ń dúró. Ó gba ẹ̀yìn gòkè, ó wọ ara ògiri ilé náà. Mo fi ojú ọ̀bẹ kàn án. Iná inú fèrèsé wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kan náà, ẹran náà sì dúró. Mo gbé ọ̀bẹ kúrò. Iná sọ, ẹran náà tún gbéra.

Ìrù yẹn ni òwú àtùpà náà.

Mo di ìrù náà mú, mo fi gun òkè, mo gbé iwájú orí mi lé fèrèsé. Ẹní kan wà nínú ilé náà, àti àpótí ìjókòó kan. Obìnrin kan jókòó lórí rẹ̀, ó fi awò sójú, ó ń bu epo sí àtùpà díẹ̀díẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ẹ̀rù bà á. Ẹ fojú inú wò ó. Èmi Ọdẹ́jìnmí, ẹnì kan rí mi, ẹ̀rù bà á.

Ó ní, “Ta nìyẹn?”

“Ọdẹ ni mí, mà.”

“Ẹ má ṣe jẹ́ kó dúró, ẹ jọ̀ọ́. Ó fẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan.”

“Èmi ni. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Báwo lẹ ṣe débí?”

“Mo ka ìtàn kan ni. Mo wà nílé mi, mò ń se ọbẹ̀, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n apá kan lára mi wọlé síbí lọ́jọ́ tí mo kà á, kò sì tíì jáde.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Àga mi ni mo kọ́kọ́ sún.”

Mo wá mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Arábìnrin Ajíṣebútú, ṣé ẹ̀yin lẹ tan àtùpà náà?”

“Mo bá a níbẹ̀ ni, ó ń jó. Mo rò pé ẹni tó kọ ọ́ ló tàn án.”

“Èmi ni mo kọ ọ́,” ni mo wí. “Èmi kọ́ ni mo tàn án.”

A wo ara wa. Lẹ́yìn náà àwa méjèèjì wo àtùpà náà, a ò lè gbójú kúrò. Iná kékeré ni, kò ju èyí tí ẹ máa ń tàn sí yàrá ọlọ́mọ lọ. Ó ti ń jó kí èmi tó mú pẹ́ńsù, kí ìwé kẹrin tó wà, ẹnì kan tí a ò mọ̀ ló tàn án sílẹ̀ dè wá. Mo mọ ẹ̀rù. Èyí kì í ṣe irú tí mo mọ̀, torí kò wù mí láti sá.

Ó gbé epo náà sí apá kan, ó ní, “Ẹ máa lọ sílé, bàbá. Mo wà níbí.” Mo jọ̀wọ́ ìrù náà.

Ọdún Ògún pé. Gbogbo ọdẹ jókòó yíká lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, wọ́n jókòó pọ̀ débi pé èjìká ń kan èjìká. Alágbẹ̀dẹ ti gbé ẹmú tó fi ń di irin mú wá. Mo tẹ́ ìbọn bàbá mi sílẹ̀ láàrin wọn.

“Ìrù dà?” ni Akínlabí wí.

“N kò gé e.”

“Ẹ gbọ́ o.”

Olúọdẹ gbé ọwọ́ sókè. “Kí ló dé tí o ò gé e?”

Mo sọ fún wọn, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, mò ń dákẹ́ níbi tí mo ti ń dákẹ́. Akínlabí ń rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibi tí ẹyẹ ti dákẹ́. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ẹ̀rín mọ́. Mo parí. Kò sí ẹni tó fẹnu kan ẹmu.

Olúọdẹ ní, “Akínlabí, níbo lò ń lọ?”

“N kò lọ síbì kankan, Bàbá.”

“Àpótí rẹ ńkọ́?”

Akínlabí wo ilẹ̀. Àpótí rẹ̀ ti kúrò níbi tó wà, ojú ibi tó ti wọ́ kọjá hàn lórí iyanrìn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo wọn ti sún. Alágbẹ̀dẹ ti sún, ẹmú rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Àyè kan là láàrin àwa ọdẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó fẹ̀ tó kí ohun tó tóbi ju ẹfọ̀n lọ gbà á kọjá, ìbọn bàbá mi nìkan ló wà láàrin rẹ̀.

Olúọdẹ wo àyè náà pẹ́. Ó ní, “Ohun tí ẹ yà fún yìí ní ìrù. Ó tó fún òfin.” Òun fúnra rẹ̀ ló dìde. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà, kò gba àárín. Ó na ọwọ́, ó mú ìbọn náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Akínlabí wá bá mi nílé lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ mọ ẹni tó tan àtùpà náà. Mo ní n kò mọ̀. Ó jókòó pẹ́ kó tó lọ.

Ibi tí mo mú un dé nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ẹsẹ̀ yín mọ ilé bọ̀. Oòrùn ti ń wọ̀, Ìbíwùmí ti ń pè mí.

Ọ̀gbẹ́ni onífìlà aláwọ̀ ewé, ibi tí mo ní kí o jókòó sí kọ́ lo wà mọ́ yẹn. Rárá, má padà síbẹ̀. Fi ọ̀nà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.